Epo Pupa Lára Katakátá Gervais

Nígbà tí Ìnspẹ́kítọ̀ Blandine dé ibi ìfọ́kúta tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, èrò ti pọ̀ níbẹ̀ ju èyí tó lè wúlò fún ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń ya fọ́tò, àwọn kan kàn la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè wá wòran. Òkú Éloi, mẹkáníìkì tí gbogbo ìlú Dassa mọ̀, wà lábẹ́ aṣọ níwájú katakátá kékeré oníapá méjì tí wọ́n fi ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú ọkọ̀. Apá irin méjèèjì ló já lu Éloi níbi tó ti ń tún ẹ̀rọ náà ṣe. Wọ́n ti fi jáàkì gbé e kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ara katakátá náà ń dán yinrin. Epo pupa ni. Ẹnì kan ti da epo pupa sí i lára láti òkè délẹ̀, ó ń ṣàn lórí ọ̀dà yẹ́lò rẹ̀, ó sì ti rin ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ gbingbin.

Narcisse, ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Blandine, sáré wá pàdé rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní kí Màdámù má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu, òun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Wàsíù tó ń ta àlòkù ẹ̀yà ara ọkọ̀ lọ́jà ló ta rọ́bà epo tó ti jẹrà fún wọn. Rọ́bà bẹ́, epo tó gbé apá ẹ̀rọ dúró tú jáde, apá já lu Éloi. Wàsíù ti wà ní àhámọ́, àwọn ará ìlú sì ti lọ fọ́ ìsọ̀ rẹ̀.

"O yẹ rọ́bà náà wò?"

"Màdámù, ó ti já. Gbogbo èèyàn ló rí i."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí gbogbo èèyàn rí."

Narcisse wo bàtà ara rẹ̀. Blandine mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tí ọwọ́ bá kọ́kọ́ tó ló máa ń mú, kó lè tètè lọ jẹun ọ̀sán.

Obìnrin kan ya èrò kọjá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ràhímọ́tù ni, ìyàwó Wàsíù. "Ẹ gbà mí o, Ìyá! Ọkọ mi ò pààyàn. Wọ́n ní lọ́la ni wọ́n máa gbé e lọ síwájú adájọ́. Tó bá lọ, ta ló máa dá a padà fún mi?"

"Dìde. Ẹkún ò lè tú u sílẹ̀," Blandine sọ. "Jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi kí lọ́la tó dé."

Gervais ló ni ibi ìfọ́kúta náà. Ọkùnrin yìí! Ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó bá ń lọ, òun á wá tẹ̀ lé e. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ yìí, òun ni baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ tọ̀hún. Bí àwọn onígbàgbọ́ bá wá bẹ ihò àpáta Màríà wò lóṣù kẹjọ, àga iwájú ni tiẹ̀, kì í sì í ṣe Màríà ló ń wò, ẹni tó ń wo òun ló ń wò.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Pátírọ̀ọ̀," Blandine kí i, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pe ọ̀gá wọn níbẹ̀.

"Háà, Màdámù Ìnspẹ́kítọ̀! Ohun tó bá ojú ló bá imú. Éloi ò yàtọ̀ sí ọmọ ìyá mi."

"Ta ló da epo sí ẹ̀rọ lára?"

"Èmi ni. Irin ti mu ẹ̀jẹ̀, Màdámù. Ẹ̀rọ̀ ni epo. Mo ní kí n fi tù ú lójú."

"Ẹ̀yin?"

Gbogbo Dassa ló mọ ìdí tí Blandine fi bèèrè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ òkúta níbẹ̀, àwọn àgbà gbé igbá epo wá sẹ́sẹ̀ òkè láti tọrọ àyè. Gervais ló fi ẹsẹ̀ ta igbá náà nù. Ó ní Kìrìsìtẹ́nì lòun, òun kì í bá àpáta sọ̀rọ̀.

"Ìbànújẹ́ máa ń yí èèyàn padà," Gervais dáhùn.

"Tiyín yá o. Ẹ ti gbé epo kún bídọ́ọ̀nù dé kí òkú tó tutù. Éloi ò fi nǹkan kan gbé apá ẹ̀rọ ró ni?"

"Kò fi nǹkan kan! Mo kìlọ̀, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Olórí kunkun làwọn mẹkáníìkì wa."

Blandine yíjú sí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá rẹ̀ fi tún katakátá àwọn tó ń la títì ṣe ní Parakou, ìdí iṣẹ́ náà ni Blandine sì dàgbà sí. Ó fi àkísà nu epo pupa kúrò, ó wo rọ́bà tó já. Rọ́bà tí agbára epo bẹ́ máa ń fàya wúruwùru ni, wáyà inú rẹ̀ á sì yọ síta. Ojú eléyìí gún régé, bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ mímú gé. Ó tún wo ojú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo epo inú ẹ̀rọ. Epo náà kún. Ó sùn sábẹ́ apá ẹ̀rọ, níbẹ̀ ni ọ̀dà ti họ, tí èérún igi lẹ̀ mọ́ irin.

Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n pe Gisèle wá. Gisèle, ọmọ abúlé Kpingni, ni olórí àwọn obìnrin tó ń fọ́ òkúta níbẹ̀.

"Éloi máa ń lo igi?"

"Éloi kẹ̀? Kò jẹ́ fi orí wọ abẹ́ apá yẹn láìsí igi tíìkì rẹ̀! Irin ìdádúró tó yẹ kó bá ẹ̀rọ wá ti sọnù kí pátírọ̀ọ̀ tó gbé e débí. Éloi ló gé igi náà fúnra rẹ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ kejì ni. Á ní, 'Epo lè jò, igi kì í jò.'"

"Níbo ló wà báyìí?"

Gisèle wò yíká. "Ó wà níbẹ̀ nígbà tí a lọ jẹun. Nígbà tí pátírọ̀ọ̀ kígbe tá a padà dé, mi ò rí i mọ́."

"Ta ló ń wa ẹ̀rọ yìí?"

"Pátírọ̀ọ̀ nìkan. Kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí apá wà lókè, òun náà ló máa fa kókó irin ẹ̀gbẹ́ àga, apá á sì wálẹ̀."

"Kí ló ń ṣe é tí Éloi fi ń tún un ṣe?"

"Táyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ò yí mọ́. Bí wọ́n bá ní kó lọ síwájú, ojú kan ló ń pòyì sí bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Éloi tú ikùn rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó jáde, inú ń bí i burúkú. Ó ní òun rí nǹkan, òun á sọ ọ́ fún àwa ará Kpingni tá a bá jẹun tán. Pátírọ̀ọ̀ ló dúró tì í."

Blandine padà sídìí ẹ̀rọ. Ó nu abẹ́ àga awakọ̀ títí ó fi kan ibi tí Éloi ti fi irin ha ọ̀dà. Ohun tó rí níbẹ̀ mú kó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì dùn.

Ó kọjá sí àhámọ́. Wàsíù jókòó sílẹ̀, ètè rẹ̀ wú.

"Àlòkù ni rọ́bà tí mo tà, mi ò purọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n Éloi dán an wò lójú mi, ó gbé apá sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, kó tó gbà á. Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, Màdámù. Èmi ò da eérú kankan."

"Dìde, ká lọ."

Bí wọ́n ṣe gbé Wàsíù dé ibi ìfọ́kúta pẹ̀lú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, èrò hó lé e lórí. "Apààyàn!" Ẹnì kan ju òkúta. Blandine dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Pátírọ̀ọ̀, ẹ ní rọ́bà bẹ́, apá wá já. Àbí mi ò gbọ́ dáadáa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màdámù."

"Rọ́bà tó bá bẹ́ nígbà tí apá wà lókè máa tu epo bí òjò. Ara òkú á rin, ilẹ̀ á rin, ẹ̀rọ náà á sì gbẹ. Epo ṣì kún inú ẹ̀rọ yìí. Ìgbà tí apá ti wà nílẹ̀, tí kò sí agbára kankan nínú rọ́bà mọ́, ni wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. Ìwọ̀nba tó kán sílẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹni tó gé e wá rí i pé ilẹ̀ gbẹ jù. Ó wá epo míì dà sí i."

"Mo ní mo fi tù ú ni!"

"Tù ta ni? Ìwọ tó o ta igbá epo àwọn àgbà nù?" Blandine ti fi "ẹ̀yin" sílẹ̀, gbogbo ayé ló sì gbọ́. "O rò pé bó o bá gbé epo, gbogbo wa á foríbalẹ̀, a ò ní wo abẹ́ rẹ̀. Gisèle, gbogbo ìlú ló gbọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀yin obìnrin Kpingni ra katakátá; ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

"Ó kú, Màdámù. Pátírọ̀ọ̀ ló bá wa gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó ní ó ti kú pátápátá, òun ti tà á fún àwọn tó ń ra àfọ́kù irin."

"Àwọ̀ wo ni?"

"Búlúù."

"Wá wo ibí."

Gisèle bẹ̀rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀dà yẹ́lò tí Éloi ha, búlúù ló wà, ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ sì wà láàárín rẹ̀, wọ́n fi àgbélébùú kékeré parí rẹ̀. Gisèle pariwo. "Iṣẹ́ Éloi rèé, àgbélébùú tó fi ń parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn! Òun ló jó o fún wa! Yéè! Ẹ̀rọ wa ni! Ẹ̀rọ wa ló ń fi wá ṣiṣẹ́ ẹrú!"

"Iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ni Éloi bá pàdé nínú ikùn ẹ̀rọ," Blandine ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ó sì ṣe àṣìṣe kan: ó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún olè. Gervais ní òun á ràn án lọ́wọ́. Ó gbé apá ẹ̀rọ sókè díẹ̀, ó yọ igi nígbà tí Éloi kọ ẹ̀yìn sí i. Bí Éloi ṣe tún bẹ̀rẹ̀ wo inú, Gervais na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́, ó fa kókó. Èmi ò tíì rí igi náà, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó sanra tó báyìí ò lè gbé e jìnnà."

Àwọn obìnrin ò dúró gba àṣẹ. Wọ́n ya bo òkìtì òkúta tó súnmọ́ ẹ̀rọ jù lọ. Kò pẹ́ tí Gisèle fi wọ́ igi tíìkì jáde níbẹ̀, ọ̀dà yẹ́lò lẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Òógùn bo Gervais. "Ó fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́! Èmi, níwájú àwọn obìnrin wọ̀nyí! Ẹ mọ ohun tí mo ti ṣe fún ìlú yìí?"

"A ti ń wò ó," Blandine ní. "Narcisse, tú Wàsíù. Ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ kan náà ni kó o fi sí Gervais lọ́wọ́, kó o lè mọ̀ bó ṣe máa ń rí tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó yẹ."

Ìgbà náà ni èrò yí ohùn padà. Àwọn tó pe Wàsíù ní apààyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a mọ́ra, wọ́n ń kí i kú oríire. Ọkùnrin tó ju òkúta ló pariwo jù. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé Gervais ò dáa.

Ràhímọ́tù mú ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó fà á kúrò láàárín wọn. "Ẹ má kí wa," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ fọ́ ìsọ̀ wa lónìí. Ẹ tẹ̀ lé wa lọ síbẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wá ṣa nǹkan wa nílẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Wàsíù àti ìyàwó rẹ̀ kọrí sọ́jà, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ lé wọn.