Bíà Nìkan

"Ọmọ ọlọ́tí ti dé o!"

Adédìpẹ̀ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ kíláàsì yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Jọmílójú tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ní Ìwó, níbi tí ilé kéwú ti pọ̀ ju ilé ọtí lọ, orúkọ yìí kì í ṣe ohun tí ọmọdébìnrin ń fẹ́ gbọ́. Ohun tó tún wá dùn ún jù ni pé Lydia ìyá rẹ̀ kò tíì ta ìgò kan ṣoṣo. Pẹ́pẹ́ súùpù àti mínírà ni Lydia ń tà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó wá ń tọrọ ìwé àṣẹ láti máa ta bíà mọ́ ọn. Ìgò kan kò tíì ṣí, orúkọ ti dé!

Àwọn ará káńsù ní bíà nìkan ni àwọn lè fọwọ́ sí ládùúgbò náà, kò gbọdọ̀ sí ọtí líle kankan. Wọ́n tún ní aládùúgbò kan gbọ́dọ̀ dúró fún un. Ta ni yóò dúró fún ọlọ́tí? Àáfà Abdulfatah, tí ilé kéwú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ló gbà. Gbogbo ìgbà ààwẹ̀ ni Lydia máa ń gbé omi tútù wá fún àwọn ọmọ kéwú láti fi ṣínu, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ.

"Ìyá Jọmílójú, n kò bá yín dá sí ọtí," ni Àáfà wí. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé bíà nìkan, mo mọ̀ pé bíà nìkan náà ni."

Nígbà tí wọ́n jáde nílé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu géètì náà, Adédìpẹ̀ sún mọ́ Jọmílójú, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bá wa tọ́jú páálí kan di ìgbà tí a bá ṣe ìdánwò tán. Ta ló máa fura sí ọtí nílé ọlọ́tí? Bí o bá ṣe é, o ti di tiwa nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọtí líle inú ọ̀rá ló kún inú páálí náà, irú èyí tí wọ́n ń fi eyín já. Jọmílójú mọ̀ ọ́n. Ó rántí ìyá rẹ̀, ó rántí Àáfà, ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀rín ẹnu géètì náà. Ó gbà á. Ó gbé e sẹ́yìn kéréètì bíà tí ìyá rẹ̀ ti tò sílẹ̀ de ìwé àṣẹ, ó fi àpò bò ó.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyìí dé láti káńsù láìròtẹ́lẹ̀. Àáfà jáde wá tòun ti tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì dúró ń wòran.

"Ìyá, bíà nìkan ni?" ni Èṣùbíyìí bi Lydia.

"Bíà nìkan ni, sà."

Èṣùbíyìí ní kí òun rí ibi tí wọn yóò máa kó ọjà sí. Ó fa kéréètì kan, àpò náà sì ṣí. Páálí ṣubú, ọtí ọlọ́rá dà sílẹ̀ yàà.

Lydia wo ilẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì yé e. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni mo ni ín, sà."

Jọmílójú fà sẹ́yìn mọ́ ògiri. Ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Èṣùbíyìí kó páálí náà, ó ní kò sí ìwé àṣẹ lọ́dún yìí. Àáfà yí padà sí ilé kéwú rẹ̀.

"Àáfà tó dúró fún ọlọ́tí rèé o!" ni ẹnìkan sọ, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rín yẹn ló gún Jọmílójú lọ́kàn. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, irú rẹ̀ ni wọ́n ń rín òun náà lẹ́nu géètì. Ó sáré tẹ̀lé Àáfà, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ kéwú.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Màmá mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ni mo bá tọ́jú ẹ̀."

Àáfà ká tẹ̀sùbáà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. "Ìyá rẹ fi orúkọ rẹ̀ bo tìrẹ," ló wá wí. "Ìwọ ńkọ́, kí lo fi orúkọ èmi àti ìyá rẹ ṣe?"

Jọmílójú dìde. Ẹkún ló sun dé ilé. Lydia kò nà án, kò bú u, ìyẹn gan-an ló tún wá burú jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Jọmílójú yà sí káńsù, ó jẹ́wọ́ fún Èṣùbíyìí. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó mi orí. "O ṣeun tí o wá. Ṣùgbọ́n ilé yín ni a ti rí i. Ó di ọdún tó ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dá kéréètì bíà padà, Lydia sì ń bá pẹ́pẹ́ súùpù àti mínírà rẹ̀ lọ.

Lẹ́nu géètì, Adédìpẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ ọlọ́tí! Ẹrù wa dà?"

Jọmílójú gbé orí sókè. "Ó wà ní káńsù, ẹ lọ gbà á. Ọmọ Lydia ni mí. Ẹ pè mí bó ṣe wù yín."

Orúkọ tí ẹlẹ́yà sọni kì í ba ilé ẹni jẹ́. Ohun tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe kí ẹlẹ́yà lè fẹ́ràn wa ló ń bà á jẹ́, àwọn tó fọkàn tán wa ló sì máa ń san gbèsè rẹ̀. Títí di òní, bí Jọmílójú bá ń kọjá níwájú ilé kéwú, ó máa ń kúnlẹ̀ kí Àáfà. Àáfà ń dáhùn, ṣùgbọ́n kò tíì gbé ojú sókè wò ó.