Ẹ̀yìn Tó Ń Dun Ìyá Aránṣọ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Ìyá Aránṣọ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ju oògùn ìrora mẹ́rin sẹ́nu, ó fi omi lé e. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Méjì ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí méjì ò ràn án mọ́, ó sọ ọ́ di mẹ́rin láìbi dókítà léèrè.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ tíṣà, yọjú. "Màmá, òní làwọn àgbà ń pàdé ní ọsibítù. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí, bí wọ́n sì ṣe ń na ara."

"Mímí kẹ̀? Ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mo ti ń mí, mi ò ṣì í mí rí."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Kó tó di ọ̀sán, ìyá bì. Ẹ̀jẹ̀ dúdú ló tú sórí aṣọ oníbàárà. Ó wò ó bí ẹni ń wo ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì. Ẹ̀rù ò tiẹ̀ bà á. Bó ṣe máa fọ àbàwọ́n náà ló ń rò.

Ọmọ rẹ̀ sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Oògùn yẹn ti dá egbò síkùn yín, ó ti kan kíndìnrín. Ẹ ò gbọdọ̀ lò ó mọ́."

Ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá ń wo àjà.

Lọ́jọ́ kẹta, ó bi nọ́ọ̀sì tó ń darí ìpàdé àwọn àgbà pé, "Ẹ̀yìn mi ńkọ́? Ṣé àròsọ ni ìrora náà ni?"

"Rárá o, Mà. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó bá ti dé, ara yín ń le, ẹ ń bẹ̀rù. Ìyẹn ló ń bu epo síná. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ rọra fimú fa afẹ́fẹ́, kí ikùn ga. Ẹ jẹ́ kí ìjáde rẹ̀ pẹ́ ju ìwọlé lọ. Ẹ tú èjìká sílẹ̀."

Ìyá ń ṣe é bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Lẹ́yìn náà, á di àga mú, á rọra yí ìbàdí. Ọ̀sẹ̀ kìíní, kò síyàtọ̀. Ìkejì, bákan náà. Lọ́sẹ̀ kẹfà, ó rán ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan tán kó tó rántí pé òun ní ẹ̀yìn tó ń dun òun. Ìrora ò lọ tán. Kíndìnrín ò sì padà sí bó ṣe wà. Oṣooṣù ló ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbà nílé, ẹ bi wọ́n léèrè oògùn tí wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè irú ẹ̀kọ́ yìí, kí wọ́n máa fi kún ìtọ́jú wọn. Bí àwọn àgbà náà bá kọ̀ ọ́, ẹ má kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó tì wọ́n, kẹ́ ẹ jọ mí.