Alága àti Abẹ́rẹ́ Kejìlá

"Ìta ni ológbò ń gbé," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí mo ń pè ní Màmá, wí. Wọn kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tí wọ́n ń rán. "Òwú àti abẹ́rẹ́ ló kún ilé yìí. Kí ló fẹ́ wá ṣe níbí? Ṣé ó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?"

Mo gbé Alága mọ́ àyà. Ológbò dúdú ni, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé òun ló ni gbogbo àdúgbò. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ náà nìyẹn. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ológbò tí kápẹ́ńtà iwájú wa ní, oṣù mélòó ló lò kí ọkọ̀ tó tẹ̀ ẹ́ pa?"

Wọ́n gé òwú, wọ́n wò mí, wọ́n wo Alága. "Ó dáa. Inú yàrá rẹ ni kó máa gbé. Ọjọ́ tí mo bá rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ mi, ìta ló ń lọ."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Má tíì dúpẹ́."

N kò tíì rí ẹni tó mọ iṣẹ́ bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti gbé bàbá mi lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọ̀dọ̀ wọn ni mo wà, mo sì ti fi ọdún mẹ́ta wo ọwọ́ wọn. Wọn kì í fi eyín já òwú. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ méjìlá ni wọ́n ní, gbogbo wọn ni wọ́n máa ń gún mọ́ ara tìmùtìmù pupa kékeré kan, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, a ó kà wọ́n. Bí ọ̀kan bá dín, kò sẹ́ni tó ń jẹun. A ó gbọn aṣọ, a ó gbálẹ̀ dé abẹ́ ẹ̀rọ, títí a ó fi rí i.

"Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ sínú aṣọ oníbàárà, ṣé aṣọ ló rán àbí ìjà?" Báyìí ni wọ́n máa ń wí. Àwọn oníbàárà tó ti kó kúrò ládùúgbò ṣì ń gbé aṣọ wá fún wọn.

Èmi ni wọ́n fi kíkà náà lé lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i gan-an, torí pé wọn kì í fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọn kò fọkàn tán.

Fún oṣù méjì, Alága ṣe ọmọ gidi, àfi pé ó máa ń sùn lórí ìwé ìṣirò mi bí ẹni pé òun ló fẹ́ jókòó ṣe ìdánwò. Ìgbà tí ìdánwò wá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké nídìí ilẹ̀kùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá lọ wọn aṣọ fún oníbàárà kan. Mo ń kàwé, ó ń ké. Mo tún ka díẹ̀, ó tún ké. Mo ní kó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. N kò rántí pé ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ kò tì.

Ìgbà tí n ó fi débẹ̀, Alága ti wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí ìyàwó kan fẹ́ fi ṣègbéyàwó. Tìmùtìmù pupa wà nílẹ̀. Mo gbé Alága kúrò, mo dá tìmùtìmù padà sáyè rẹ̀, mo ṣa irun dúdú kúrò lára aṣọ náà. Mo ní ó tán nìyẹn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo kà á: mọ́kànlá. Mo tún un kà, mọ́kànlá náà ni. Mo fi orúnkún rìn yí yàrá náà ká, n kò rí nǹkan kan.

"Ṣé ó pé?" Màmá béèrè láti ilé ìdáná.

Bí mo bá ní kò pé, wọ́n á béèrè bó ṣe jẹ́. Bí mo bá sọ bó ṣe jẹ́, Alága di ti ìta, ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń sáré. Abẹ́rẹ́ kan wà nínú àpò ìwé mi tí mo fi máa ń rán bọ́tìnì yúnífọ́ọ̀mù. Mo sáré mú un wá, mo gún un mọ́ àárín àwọn yòókù.

"Ó pé, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi." Ìdúpẹ́ yẹn dùn mí ju ìgbátí lọ.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò lo ogún wákàtí. Ní àárọ̀, Alága kò jẹun. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ha ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo la ẹnu rẹ̀, mo sì rí òwú funfun lábẹ́ ahọ́n. Ó ṣe mí bíi kí n fà á yọ, kí n sì pa ẹnu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé kí n má lọ fi ọwọ́ ara mi pa á. Mo gbé e lọ bá Màmá, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dé orí abẹ́rẹ́ yúnífọ́ọ̀mù.

Ìṣẹ́tí aṣọ ìyàwó ni wọ́n ń rán lọ́wọ́. Ọ̀sán ni ìyàwó náà fẹ́ wá gbà á. Màmá gbé aṣọ náà sílẹ̀. Mo nawọ́ kí n fi òwú náà hàn wọ́n, wọ́n sì di ọwọ́ mi mú.

"Má fà á o. Abẹ́rẹ́ ló wà nídìí ẹ̀."

Wọ́n pe ìyàwó náà lórí fóònù. Wọn ì bá ti ní iná ló lọ, tàbí pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Gbogbo aránṣọ ló mọ irú irọ́ yẹn. "Aṣọ rẹ di ìrọ̀lẹ́, ìyàwó. Abẹ́rẹ́ kan sọnù nílé mi lánàá, ológbò wa ló gbé e mì. N ó yẹ gbogbo aṣọ náà wò kí n tó fún ọ." Ìyàwó bínú, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Màmá ń bẹ̀ ẹ́, ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ, nítorí ohun tí èmi ṣe. Wọn kò sì dárúkọ mi. Ojú tì mí débi pé n kò lè gbórí sókè.

A gbé Alága lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, ó sì fi ẹ̀rọ ya fọ́tò inú ọrùn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà há sí ọ̀fun.

"Ta ló mọ̀ pé kí ẹ má fa òwú yìí?" ó béèrè.

"Aránṣọ ni mí," ni Màmá wí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Bí ẹ bá fà á ni, ẹ̀ bá ti ya ọ̀fun rẹ̀." Ó fún Alága ní oògùn oorun, ó gbé e wọlé lọ yọ abẹ́rẹ́ náà.

A jókòó síta.

"Màmá, bó bá yè, kó máa gbé ìta. Àdéhùn wa nìyẹn."

"Kí ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́ nítorí irọ́ tí ìwọ pa? Òótọ́ lo sọ nípa ìta. Òótọ́ lèmi náà sọ nípa inú ilé. Ewu wà níta, ewu wà nínú ilé; kí a ṣáà lajú sí i ni. Ká ní o sọ fún mi lánàá pé mọ́kànlá ló kù, à bá ti wo ẹnu rẹ̀ nígbà náà."

"Mo rò pé ẹ máa bínú."

"Ǹ bá bínú dáadáa. Ǹ bá pariwo títí. Ariwo mi kì í pa ológbò."

Alága yè. Inú ilé náà ló ń gbé, kápẹ́ńtà sì ti kan ìkọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́. Ìyàwó gba aṣọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Màmá ti fi ìka tẹ gbogbo ìṣẹ́tí rẹ̀ yíká. Ní ti èmi, wọ́n gba abẹ́rẹ́ kíkà lọ́wọ́ mi fún oṣù mẹ́ta gbáko, wọn kò sì pariwo rárá. Ó wù mí kí wọ́n pariwo.

Bí ẹ bá ní ẹranko, ẹ tì í mọ́lé o, ẹ jẹ́ kó máa jáde o, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tó sàn fún un. Èyí tí mo mọ̀ ni pé mo fẹ́ràn Alága, mo sì fi irọ́ ṣọ́ ọ. Díẹ̀ ló kù kí irọ́ yẹn pa á.