Ewé Kẹrin

Mi ò mutí, n kì í sì í lálàá lójú ọ̀sán. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi kòrókòró. Ó ṣojú Nabisa aládùúgbò mi náà, ẹni tí kò lè pa irọ́ kó má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi í.

Ọjọ́ ọdún Onam ni. Ọjọ́ yẹn ni ọba àtijọ́ máa ń padà wá wo àwọn ènìyàn rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa láti kékeré. Láti ìdájí ni mo ti to òdòdó yípo sójúde ilé. Mo sì ti se oúnjẹ oríṣi mọ́kànlélógún. Ẹ̀yìn ń ro mí bí ẹni tó gbẹ́ kànga.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ewé. Orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ti ń jẹun ọdún. Tí o bá jẹun tán, o máa ká ewé rẹ sọ́dọ̀ ara rẹ. Ìyẹn ni pé oúnjẹ dùn, o ṣì ń bọ̀ wá jẹ sí i. Níbi oúnjẹ òkú nìkan la ti ń ká ewé síwájú, kúrò lọ́dọ̀ ẹni. Ẹni tó bá ṣèèṣì ká a síwájú nílé mi lọ́jọ́ ọdún, ojú tí màá fi wò ó, kò ní padà wá lóòótọ́.

Oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ọjọ́ náà ni Sugunan, àbúrò ọkọ mi, wọ ọkọ̀ apẹja lọ sójú òkun. Ìjì jà. Wọ́n rí pákó ọkọ̀ náà. Ẹnikẹ́ni kò rí òun. Damodaran ọkọ mi fi oṣù mẹ́ta rin etíkun láti abúlé dé abúlé, ó ń ṣí aṣọ lójú òkú olókùú. Nígbà tó yá, ó rẹ̀ ẹ́. Ó ní ebi ń pa àbúrò òun níbi tó wà, nítorí a ò tíì sin ín. Ó bá àlùfáà sọ ọ́: ọjọ́ kejì ọdún, a máa ṣètò ìsìnkú létí omi. Tí a bá ti ṣe é, ó parí. Sugunan ti kú nìyẹn, ì báà wà láàyè níbìkan.

Ìyá wọn kò gbà. "Ẹ má fọwọ́ ara yín sin ọmọ mi," ohun tó ń wí láràárọ̀ nìyẹn.

Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn ọkọ mi ni mo wà. Gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó ni Màmá máa ń sáré lọ ṣílẹ̀kùn. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ó sì tún ti sú mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Màmá tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ó to ewé mẹ́rin síwájú rẹ̀. Tirẹ̀, ti Damodaran, ti Nabisa tó ń bọ̀ wá bá wa jẹun. Èmi tó ń bu oúnjẹ, ẹ̀yìn gbogbo wọn ni mo máa ń jẹ; Ambili ọmọ wa kò sí nílé. Ìkẹrin wà láàárín tirẹ̀ àti ti Nabisa.

"Màmá, ta ló ni ìyẹn?" ọkọ mi bi í.

"O mọ ẹni tó ni ín."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Má bẹ̀ mí. Fi í sílẹ̀."

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ewé náà, ó gbé e fún mi. "Ìyá Ambili, gbé e sí yàrá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá."

Yàrá yẹn la ti ń gbé oúnjẹ fún àwọn òkú ilé wa. A máa tan fìtílà, a máa bu oúnjẹ sórí ewé, a máa ti ilẹ̀kùn. Àwa á bọ́ síta, a á kọ̀yìn sílé, kí ojú má baà tì wọ́n láti jẹun. Lẹ́yìn náà la máa pàtẹ́wọ́, tí àwa náà á wá jẹ tiwa. Ọdún mẹ́jọ ni Bàbá ọkọ mi ti ń jẹ níbẹ̀. Bí a bá ṣe gbé e síbẹ̀ la ṣe máa ń bá a.

Mo bu oúnjẹ sórí ewé méjèèjì. Nígbà tó kan atalẹ̀ díndín, ọwọ́ mi dúró. Sugunan kò fẹ́ràn atalẹ̀. Ọdọọdún ló máa ń fi ìka tì í lọ sí igun ewé lápá òsì.

"Ọkọ mi kékeré, ṣé ọmọ ọba ni ẹ́ tó o fi ń yan oúnjẹ?" màá bi í.

"Ìyàwó, ìwọ náà jẹ ẹ́ ká wò ó," á ní.

Mo wí lọ́kàn mi pé òkú wo ló ń yan oúnjẹ. Mo bu ṣíbí kan sí i.

Damodaran ti ilẹ̀kùn, ó fi àgádágodo sí i, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò. Yàrá náà kò ní fèrèsé. Èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kan ṣoṣo tó wọlé. Bí a ṣe bọ́ síta ni Nabisa dé.

"Ìyá Ambili, ebi fẹ́ pa mí kú o. Mi ò jẹun láti àná nítorí oúnjẹ rẹ."

"Irọ́. Mo rí ọ lánàá tí ò ń jẹ ẹja."

"Ẹja wá di oúnjẹ?"

Ó rí ojú Màmá, ó panu mọ́. Ó rọra yí òdòdó ká, ó jókòó tì wá lórí àtẹ̀gùn. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀yìn sílé.

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Omi ń kán látorí òrùlé. Àwọn kannakánná ń pariwo lórí igi àgbọn, wọ́n ń retí ìyókù oúnjẹ. Lójijì, wọ́n dákẹ́. Gbogbo wọn. Omi pàápàá kò kán mọ́.

Nígbà náà la gbọ́ ọ lẹ́yìn wa. Ìró ewé tí wọ́n ń wọ́ lórí sìmẹ́ńtì. Díẹ̀díẹ̀. Ó dúró.

"Ológbò ni," ọkọ mi wí. Kò yíjú padà.

"A ò ní ológbò," mo ní.

Nabisa di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù nini. Òórùn omi òkun jáde láti inú ilé, bíi ti aṣọ Sugunan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú omi dé. Ẹ̀rù bà mí. Màmá nìkan ni ẹ̀rù kò bà.

Ó pẹ́ kí Damodaran tó pàtẹ́wọ́. A dìde. A wọlé.

Ewé mẹ́rin ló wà níwájú ẹní.

Mẹ́ta ṣófo bí a ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìkẹrin wà láàárín ti Màmá àti ti Nabisa. Wọ́n ti ká a.

Ọkọ mi sáré lọ sí yàrá. Àgádágodo wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó ṣí i. Fìtílà ń jó. Oúnjẹ Bàbá wà bó ṣe wà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣófo, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tutù. Mo fìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀.

"Ojú mi ò ríran dáadáa," Màmá wí láti pálọ̀. "Síbo ló ká a sí?"

Mo lọ kúnlẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ni, Màmá."

"Ṣí i."

Mo ṣí i. Hóró ìrẹsì kan kò ṣẹ́kù. Atalẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n tì í lọ sí igun, lápá òsì.

Mo ké. Mi ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Damodaran, tí kò sunkún láti oṣù mẹ́rìnlá, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ó tó," ó ní. "Oúnjẹ ń tutù."

Kó tó jẹun, ọkọ mi pe àlùfáà lórí fóònù. "Ẹ má wá lọ́la mọ́. Rárá o. A ò ṣòfò."

Nabisa ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó mu abọ́ mílíìkì aládùn mẹ́ta. Ó ní ẹ̀rù máa ń jẹ́ kí ebi pa òun. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn sì bá mi rẹ́rìn-ín.

Ọdún kẹta rèé. Sugunan kò tíì dé. Lẹ́tà kò wá, ìpè kò wá. A kì í gbé ewé rẹ̀ wọ yàrá mọ́, iwájú ẹní ló ń wà, kò sì sẹ́ni tó tún ká a láti ọjọ́ yẹn. Mi ò mọ ohun tó jẹun nílé wa, mi ò sì ní purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní báyìí, tí ajá bá gbó, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Tí mo bá sì ń bu oúnjẹ sórí ewé kẹrin lọ́jọ́ ọdún, n kì í bu atalẹ̀ sí i.