Ọmọ Tí Ẹ̀rọ Gbìn

Agbìnrántí ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún apànìyàn ṣe ní Ọgbà Àtúnṣe Òkè-Ìdàrọ́. Láyé ìgbà náà, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ẹni ló ń pa ìrántí ẹni mọ́. Agbìnrántí yóò kó ìrántí olóògbé látinú ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, yóò gbìn ín sórí ẹni tó pa á, kí onítọ̀hún lè mọ ohun tó bàjẹ́. Ọjọ́ tí ẹbí olóògbé bá dárí jì í ni wọn yóò hú ìrántí náà kúrò lórí rẹ̀, tí yóò sì máa lọ sílé. Kò sí ẹni tí í ju ọdún méjì lọ níbẹ̀, àfi Ògúnṣakin.

Ọtí ló mu tó fi fi ọkọ̀ àfòlókè rẹ̀ gbá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Arínọlá pa. Ọdún keje rèé. Ó ti ronú pìwà dà, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ lọ́dọọdún ni ìyá Arínọlá ń sọ fún ìgbìmọ̀ ọgbà náà pé ọkàn òun kò tíì gbà. Olóyè Ọ̀dọ̀fin, olórí ìgbìmọ̀, kìlọ̀ pé ohun tí a bá gbìn tó pẹ́ nílẹ̀ ń ta gbòǹgbò. Dókítà Ṣọlápé, tó ṣe ẹ̀rọ náà, fi í rẹ́rìn-ín, ó ní orí ènìyàn kì í ṣe oko. Ìyá yẹn gan-an ló fura sí. Ta ní ń bínú sí ènìyàn tó tún ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Dókítà bá lọ dúró sẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n fi ń ṣọ́ àlejò. Ògúnṣakin wọlé, ọkùnrin gìrìpá, kò dọ̀bálẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ni. Ó ń ha ìrẹsì tó jóná nídìí ìkòkò jẹ, ó ń ráhùn pé ata ti pọ̀ jù, ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi oríkì ọmọ rẹ̀ obìnrin pè é.

Nígbà tí wọ́n mú Ògúnṣakin lọ, dókítà wọlé bá ìyá.

“Màmá, ọmọ yín ti kú. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ há mọ́lé yìí.”

“Mo mọ̀,” ni ìyá wí. “Ṣé èmi ni mo gbé ọmọ mi sí i lórí? Ẹ̀yin lẹ gbé e fún mi padà, ẹ wá ní kí n tún fọwọ́ ara mi sin ín.”

Nígbà tí Olóyè gbọ́, inú bí i sí àwọn méjèèjì. Ó ránṣẹ́ pe ìyá tó bí Ògúnṣakin. Obìnrin náà dé tòun ti dàńṣíkí tuntun lọ́wọ́, èyí tí ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ lọ sílé. Ìyá Arínọlá wò ó títí, ó bú sẹ́kún, ó ní òun ti dárí jì í.

Wọ́n hú ìrántí náà kúrò. Ẹ̀rọ ní òun ti ṣe tán, dókítà náà ní orí ti mọ́. Ògúnṣakin jáde lẹ́nu ọ̀nà, ó rí obìnrin tó na dàńṣíkí sí i.

“Ẹ káàsán, mà,” ló wí, ó sì kọjá lára rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá Arínọlá.

“Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Ìyá tó bí i kò tíì ká ọwọ́ tó fi na dàńṣíkí náà kò.