Eegun Etí Ọ̀tún

Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ata sí i. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ sùn. Èmi tí mo rí i kò tíì sùn dáadáa láti oṣù kọkànlá.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe. Mi ò tijú rẹ̀. Ilé tí mò ń tọ́jú kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin Dagenham East, ilé alájà méjì, gíláàsì ni gbogbo ara rẹ̀. Eegun òkú àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá síbẹ̀. Wọ́n á dá ihò kékeré sí i, wọ́n á gba ìyẹ̀fun tó bá jáde, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ ka DNA inú rẹ̀, ìyẹn àmì ìran tó ń sọ ẹni tó bíni àti ibi tí àwọn baba ńlá ẹni ti ṣí wá.

Mi ò lọ yunifásítì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń nu tábìlì àwọn tó lọ, tó sì ní káàdì láíbìrì Barking, kò ní kú sínú àìmọ̀. Mo ka ìwé wọn. Àwọn ọdẹ ló kọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ yìí, àwọ̀ ara wọn sì ṣú. Ní nǹkan bí ẹgbàáta ọdún sẹ́yìn ni àwọn àgbẹ̀ dé, tí ìran wọn ṣẹ̀ wá láti ibi tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn tún sọdá omi dé, ìran darandaran láti ìlà oòrùn, kò sì pẹ́ tí ìran àwọn àgbẹ̀ yẹn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Nítorí náà, bí ọkùnrin kan bá sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì pé kí n padà síbi tí mo ti wá, mo máa ń bi í pé, "Ìwọ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìran tìrẹ dé?"

Òfin kan wà níbi iṣẹ́ yẹn. Gbogbo ẹni tó bá ń wọ ilé náà, látorí ọ̀gá dórí èmi tí mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ló gbọ́dọ̀ tu itọ́ sínú ike kékeré kan. Wọ́n á ka DNA tìrẹ náà, wọ́n á fi pa mọ́. Bí wọ́n bá wá rí ọ nínú eegun òkú, wọ́n á mọ̀ pé ìwọ lo fọwọ́ lásán kàn án, o sì ti ba iṣẹ́ jẹ́. Mo tu itọ́ tèmi. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, aago méjì ọ̀sán. Mò ń fi mọ́ọ̀pù nu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọlọ́ládé ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Dagenham ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, òun ló sì ń dá ihò sí eegun. Ó ti wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wòlíì," ni mo wí, "ẹ rántí mi nínú àdúrà."

"Àǹtí Kíkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Agbárí ọmọbìnrin kan ni wọ́n gbé wá lọ́sẹ̀ náà. Inú ẹrẹ̀ etí odò Thames ni wọ́n ti hú u, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Wọ́n ní kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tó kú, ó sì ti lo ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọdún nínú ẹrẹ̀. Eegun inú etí ni wọ́n máa ń lò. Ó le ju gbogbo eegun yòókù lọ, DNA kì í tètè run nínú rẹ̀. Ti ọ̀tún ló wà níwájú Ọlọ́ládé. Ti òsì ṣì wà nínú àpótí tí wọ́n ti lẹ̀ pa láti ibi tí wọ́n ti hú u.

Ọlọ́ládé tan dírílì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Gíláàsì yẹn nípọn.

Fóònù mi gbọ̀n nínú àpò.

Ọmọbìnrin mi ni, Olúwatùmínínú. Òun nìkan ni mo bí. Ọmọ ogún ọdún ni. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking, ó sì ń kọ́ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń gba ohùn orin sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Etí ló fẹ́ fi jẹun.

"Mọ́mì, nǹkan kan ń ké nínú etí mi."

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Bí ẹ̀rọ àwọn dókítà eyín. Etí ọ̀tún. Ó ń dùn mí, I swear."

Mo wo ẹ̀yìn gíláàsì. Ọlọ́ládé gbé dírílì kúrò.

"Ó ti dákẹ́," ni ọmọ mi wí.

Ọlọ́ládé gbọn ìyẹ̀fun sínú ike. Ó tún gbé dírílì lé eegun.

"Mọ́mì! Ó tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo dúró ti èmi ti mọ́ọ̀pù. Omi ń kán.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Nǹkan kan ń rùn bí irun tó ń jóná."

Ọlọ́ládé pa dírílì.

Ọmọ mi ní, "Mi ò gbọ́ yín mọ́." Mo gbọ́ bó ṣe ń gbé fóònù sí etí kejì. "Okay. Mo ti ń gbọ́ yín."

Láti ọjọ́ náà, etí ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà kan yí kọ̀ǹpútà sí mi.

"Ta ló ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún un?"

"Iṣẹ́ abẹ wo?"

Ó fi ìka tọ́ ọ. Nínú eegun etí ọ̀tún, ihò kan wà, róbótó, tó mọ́ nigínnigín. Mo wo ẹ̀yìn etí ọmọ mi. Awọ ibẹ̀ jọ̀lọ̀. Kò sí àpá.

"Kò sẹ́ni tó ṣe é," ni mo wí.

"Màdáámù, àìsàn kì í dá irú ihò yìí."

"Mo ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó ṣe é."

Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí a padà wá lóṣù kẹta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Dókítà Eden pè mí sí ọ́fíìsì. Òun ni ọ̀gá gbogbo wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ohun tó burú. Ọlọ́ládé jókòó sí igun yàrá, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Eden rẹ́rìn-ín.

"Missis Adéyanjú, èsì eegun yẹn ti dé. A rí ọ nínú rẹ̀."

"Kò ṣeé ṣe. Mi ò wọ yàrá yẹn rí."

"Kì í ṣe ìwọ gan-an. Ìdajì rẹ ni. Ọmọ tí o bí, obìnrin. Ṣé o ti mú ọmọ rẹ wá síbí rí?"

"Láéláé."

"Báwo wá ni ọmọ rẹ ṣe dé inú eegun mi?"

Eegun mi. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń kó ẹ̀gbin wọn, mi ò jí abẹ́rẹ́, mi ò pẹ́ dé, mi ò sì purọ́ fún un rí. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní bó bá jẹ́ pé èmi ni, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ rẹ́ mi jẹ. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á ṣí àpótí, wọ́n á dá ihò sí eegun òsì.

"Ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ìyẹn. Bí a bá tún rí ọmọ rẹ nínú rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀rọ wa ló ń ṣe ségesège, ọrùn rẹ mọ́. Bí a kò bá rí i, o mọ ohun tó kù."

"Ẹ ṣe é," ni mo wí. "Ẹ ṣe é lójú mi."

Ìbínú ló sọ̀rọ̀. Mi ò tíì ronú.

Ọlọ́ládé wá bá mi ní yàrá tí mò ń kó korobá sí. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin. Mo mọ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"DNA ẹni tó wà láàyè máa ń gùn. Ti òkú àtijọ́ á ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìkángun rẹ̀ á ti jẹrà. Èyí tí mo kà ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ó ti gbó. Bí eegun yẹn ṣe pẹ́ tó ni ọmọ yín ti pẹ́ tó nínú rẹ̀."

"O sọ fún Eden?"

"Mo sọ. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́." Ó wò mí.

Ọjọ́bọ̀ ni mò ń rò. Etí òsì ni mò ń rò. Bí wọ́n bá dá ihò sí i, orúkọ mi mọ́, iṣẹ́ mi kò bọ́. Ọmọ mi wá ńkọ́? Mo bá ara mi wí. Mo ní, Kíkẹ́lọmọ, ìwọ tí o ń kàwé, inú ìwé wo lo ti ka irú èyí?

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀, ilẹ̀ ti ń ṣú níta bí oṣù kejìlá ti máa ń ṣe níbí. Eden dúró níwájú gíláàsì. Mo dúró tì í. Mo ti pe ọmọ mi nílé wa ní Eastbrook, nínú Dagenham, fóònù wà létí mi.

"Mọ́mì, kí ló dé? Mò ń se ìrẹsì."

"Máa se ìrẹsì ẹ. Má pa fóònù."

Ọlọ́ládé fi ọ̀bẹ la àpótí. Ó gbé eegun òsì jáde. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan gbá eruku ara rẹ̀.

"Hẹn?" ni ọmọ mi wí. "Ó dà bíi pé ẹnì kan ń fi ìyẹ́ gbálẹ̀ nínú etí mi."

"Etí wo?"

"Èyí tó kù."

Ọlọ́ládé ki eegun bọ irin tó máa ń dì í mú. Ó fún irin náà pọ̀.

"Ó ń fún mi. Mọ́mì, ó ń fún mi lórí."

Ìkòkò kan já bọ́ nílé. Mo gbọ́ ọ.

Ọlọ́ládé mú dírílì.

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ lu gíláàsì. "Èmi ni!"

Eden yíjú sí mi.

"Èmi ni. Mo mú ọmọ mi wá ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo ní kó wá wo eegun yẹn. Ó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi èyí tó kù ṣòfò."

"Ọwọ́ lásán?"

"Ọwọ́ lásán."

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí fún. Kò bi mí bí ẹni tí kò ní káàdì ìwọlé ṣe wọlé. Kò bi mí ní ohunkóhun tó lè ba irọ́ náà jẹ́. Ó juwọ́ sí Ọlọ́ládé pé kó dá eegun padà. Ọlọ́ládé wò mí láti inú aṣọ funfun rẹ̀. Ó mọ̀. Ó dá a padà.

Mo fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n gba káàdì mi. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná, ìrẹsì káàkiri. Mo pè é lápá òsì. Ó dáhùn. Mo jókòó tì í.

Mi ò kábàámọ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tó ń nulẹ̀ ló ba eegun náà jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án. Ọlọ́ládé ní wọ́n ti lẹ àpótí yẹn pa, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé kí ẹnikẹ́ni má ṣí i títí ẹ̀rọ tó dára ju èyí tí wọ́n ní lọ yóò fi dé. Kò mọ ìgbà tí yóò dé.

Oṣù kìíní ni ìyókù bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní pálọ̀. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú yàrá rẹ̀: "Mà!" Ó sáré jáde.

"Mọ́mì, ẹ pè mí."

"Mi ò pè ọ́."

"Ẹ pè mí. Láti ibí." Ó fọwọ́ kan etí ọ̀tún, èyí tó ti kú.

Nílé lọ́hùn-ún, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá gbọ́ ìpè tí kò rí ẹni tó pè é, kò gbọdọ̀ jẹ́. Mi ò kọ́ ọmọ mi níyẹn. Ibí ni mo ti tọ́ ọ, ẹ̀rù pé wọ́n á ní ó ti di òyìnbó ló ń bà mí. Ohun tí mo nà án fún títí ó fi mọ̀ ọ́n ni pé bí àgbà bá pè ọ́, jẹ́ kíákíá, dìde, máa bọ̀.

"Ohùn ta ni?" ni mo bi í.

"Ohùn obìnrin. Mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Kí ló ń sọ?"

"Orúkọ kan. Kì í ṣe orúkọ mi." Ó ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ló ń pè."

"Má jẹ́ ẹ mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mọ́mì, ó ń sunkún."

Láàárọ̀ yìí, ó tún jẹ́ ẹ. Kò wá bi mí bóyá èmi ni. Ó wọ kóòtù, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kọjú sí gúúsù, níbi tí odò Thames wà. Mo bọ́ sí apá òsì rẹ̀, mo fi gbogbo orúkọ rẹ̀ pè é. Ó dúró. Ó yí orí sí mi díẹ̀, ó tún yí i sí ọ̀hún díẹ̀. Mo fà á wọlé.

Ó jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mi ò kúrò lápá òsì. Bí ó bá ti dákẹ́ jù, mo máa ń pè é.

Mo pè é nísinsìnyí, lẹ́ẹ̀kan. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì.