Àga Kan fún Ọ̀mọ̀wé Méjì

Àná ni wọ́n ti ṣe é.

Ohun tí akọ̀wé ọ́fíìsì náà sọ nìyẹn, láì gbé ojú kúrò lára ẹ̀pà tó ń bó. "Wọ́n ti mú ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà wá síwájú. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Ẹ ò rí i ni?"

Tolúwalọpẹ́ rí i, àmọ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló tó rí i, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé e wá láti Ìjọkà, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí òjò ti gbé lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sórí fóònù rẹ̀. Ó ti ń bẹ Ọlọ́run lójú ọ̀nà pé kó jẹ́ àṣìkọ ni. Ọdún mẹ́jọ ló fi kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa omi abẹ́ ilẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń dúró de àga olùkọ́ kan ṣoṣo tó ṣí sílẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ wọn ní yunifásítì. Ọjọ́ kan péré ló fi pẹ́.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀.

Ó yí padà. Ọkùnrin gíga kan ló fara ti ògiri, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ẹrẹ̀ pupa ta sí bàtà dúdú rẹ̀. Ó ti tú táì rẹ̀, ó ká a sínú àpò ẹ̀wù, etí rẹ̀ kan sì yọ síta. Ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tí kò sùn dáadáa láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, síbẹ̀ ojú tó tutù ni, ojú tí èèyàn lè jókòó tì.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Ẹ̀yin kọ́ ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà, tòní ni mo wá ṣe."

"Iṣẹ́ kan náà?"

"Àga kan náà."

Ó yẹ kí wọ́n máa wo ara wọn bí ọ̀tá, àmọ́ ó ti rẹ àwọn méjèèjì jù fún ìyẹn. Wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, wọ́n jọ jáde ní géètì, nígbà tó yá wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì obìnrin kan tó ń sun bọ̀ọ̀lì. Ọkùnrin náà tẹ́ áńkáṣíìfù rẹ̀ sílẹ̀ kí síkẹ́ẹ̀tì funfun Tolúwalọpẹ́ má baà dọ̀tí. Ó ní Akínlolú ni òun ń jẹ́, ọmọ Ìta-Ògbólú. Ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tipẹ́, ó sì ti ń ti orí iṣẹ́ ìwádìí olóṣù díẹ̀ kan bọ́ sórí òmíràn. Èyí tó ń ṣe lọ́wọ́ náà ò ní pẹ́ parí.

"Ká ní àná la wá ni," Tolúwalọpẹ́ ní, "ọ̀kan nínú wa ì bá ti máa sunkún báyìí."

"Èkejì ì bá sì máa dá bọ̀ọ̀lì jẹ. Èyí sàn."

Tolúwalọpẹ́ rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Akínlolú ló sọ fún un nípa kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní Alágbàkà. Ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Oríọlá ló ń ṣe é, fún àwọn tó ń kàwé oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́ àtàwọn tó ti gbà á tí wọn ò ríṣẹ́, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa wáṣẹ́ níbòmíràn yàtọ̀ sí yunifásítì. Òun fúnra rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ojú ti òun, òun ò sì padà síbẹ̀.

"Ojú kí ló tì yín?"

"Ẹ bá mi lọ ní Sátidé. Ojú á ti ẹ̀yin náà."

Òótọ́ ló sọ. Ìyáàfin Oríọlá kúrú, ohùn rẹ̀ ga. Òun náà gba oyè ọ̀mọ̀wé kó tó fi ìwádìí sílẹ̀ lọ máa bójú tó ilé iṣẹ́ tó ń po oúnjẹ adìẹ. Ó ní kí Tolúwalọpẹ́ dìde, kó sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Tolúwalọpẹ́ dìde, ó ka àkọlé ìwé ìwádìí rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí ẹni tó ń ka ìkéde òkú.

Ìyáàfin Oríọlá ṣí fìlà kúrò lórí. "Háà, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ta ló kú?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tolúwalọpẹ́ náà rẹ́rìn-ín.

"Ó yá, jẹ́ ká ní èmi ni pásítọ̀, omi ò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì mi. Níbo ni kí n gbẹ́ kànga sí?"

"Mà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá ìlà oòrùn ilẹ̀ yín dára, àmọ́ bí a bá tún ṣe àyẹ̀wò sí i…"

"Ọmọ mi, òùngbẹ ń gbẹ ìjọ. Ọdún mélòó lẹ fi wà lábẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹ fi ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ ẹnu ara yín báyìí? Ẹ jókòó. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Wọ́n jọ padà lọ. Wọ́n jọ ń lọ títí Sátidé fi di ọjọ́ kan ṣoṣo tí kì í rẹ Tolúwalọpẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn náà, Akínlolú bi í pé, "Ṣé òtútù ń mú ẹ?" Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ pé kò sọ "yín" mọ́. Tolúwalọpẹ́ ní, "Ó ń mú mi. Fún mi ní kóòtù ẹ," bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ṣe pe ara wọn ní "ẹ̀yin" mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyáàfin Oríọlá ló bá Tolúwalọpẹ́ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún, tó ní ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún ní kó kọ́kọ́ bá òun wá omi sí ilé ìwé kan ní Oǹdó, kí òun lè mọ ọwọ́ rẹ̀. Akínlolú yọ̀ǹda ara rẹ̀, wọ́n sì jọ wọ ọkọ̀ láti Àkúrẹ́, wọ́n kọjá Ọ̀wẹ́nà, wáyà, irin àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá omi abẹ́ ilẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn.

Iṣẹ́ náà gba gbogbo ọ̀sán. Nígbà tí Tolúwalọpẹ́ ń ro iye tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀, ariwo kan mú kó gbójú sókè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti pagbo yí Akínlolú ká. Ó ti fi òkúta àti yanrìn ṣe òkè kékeré kan, ó ń da omi lé e, ó ń fi hàn wọ́n bí omi ṣe ń wọ inú pàlàpálá òkúta lọ fara pamọ́. Ó ti bọ́ bàtà. Gbogbo àárẹ̀ ojú rẹ̀ ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà bi í ní ìbéèrè, Akínlolú sì pàtẹ́wọ́ fún un bíi pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún òun.

Tolúwalọpẹ́ wò ó pẹ́. Ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún wá dúró tì í, tó ní, "Dókítà, níbo?" ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi máńgòrò, ó na ọwọ́ sílẹ̀.

"Ibí, sà."

Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde nígbà tí wọ́n padà wá gbẹ́ ẹ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tolúwalọpẹ́ jókòó sórí irin. Nígbà tí omi wá mọ́ níkẹyìn, kò pariwo. Ó kàn ń wò ó ṣáá. Nínú gbogbo ìwé tó ti kọ láti ọdún wọ̀nyí wá, kò sí èyí tó tíì rí kí ẹnikẹ́ni mu omi nínú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló mú Akínlolú, tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra báyìí, lọ sílé màmá rẹ̀ ní Yaba, nínú ìlú Oǹdó níbẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà, ọmọ ìjọ Áńgílíkà pátápátá. Ó fún àlejò ní iyán, ó sì wò ó láti orí délẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

"Mà, iṣẹ́ ìwádìí ni. Ó máa parí lóṣù tó ń bọ̀."

"Ó máa parí." Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Dókítà méjì, owó oṣù kan ò sí. Ṣé ìwé lẹ fẹ́ máa sè jẹ ni?"

"Màmá!"

"Kí ni mo sọ? Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti lo ayé mi, eruku ṣọ́ọ̀kì ń ba aṣọ mi jẹ́. Mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ mi máa di olùkọ́ ní yunifásítì. Nígbà tí ẹnì kan nínú yín bá níṣẹ́ gidi, ẹ padà wá bá mi sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó darí ìwádìí Tolúwalọpẹ́ fi pè é. Wọn ò mú ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó wá lọ́jọ́sí. Wọ́n máa tún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà ṣe, àwọn méjì tí ímeèlì pẹ́ dé bá nìkan ni wọ́n sì fẹ́ rí. "Ìwọ ni mo fọkàn sí o," ọ̀jọ̀gbọ́n ní. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún ní òun fẹ́ ṣí ọ́fíìsì sí Oǹdó, kó wá máa darí rẹ̀.

Akínlolú bá a ní gáréèjì lẹ́yìn kíláàsì. "Ṣé o fẹ́ àga yẹn, Lọpẹ́?"

Ó fẹ́ sọ òótọ́. Àmọ́ ojú màmá rẹ̀ ló rí, ó rí gbogbo ọdún tó ti fi dúró. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kí n fẹ́ ẹ. Màmá mi fẹ́ ẹ. Mi ò mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, Akín."

Kò bi í mọ́. Ó bá a gbé báàgì wọnú ọkọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Akínlolú yọ sí pálọ̀ wọn ní Oǹdó láìsọ tẹ́lẹ̀. Kò jókòó.

"Mà, mo wá sọ fún yín pé mo ti kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n lánàá pé kí wọ́n yọ orúkọ mi. Lọpẹ́ nìkan ló kù. Òun ló ni àga náà."

Ìyá dìde. Omi lé sí i lójú. "Ìwọ ọmọ yìí! O fi sílẹ̀ nítorí ọmọ mi?" Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mo ṣi ẹ́ mọ̀. Màá fọmọ mi fún ẹ, lójú gbogbo ayé."

Tolúwalọpẹ́ ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ohun tó ti fẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí wá nìyẹn, ó sì mọ̀ pé bí òun bá lanu báyìí, ìyá lè gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa dákẹ́.

"Ta ló ní kí o fi í sílẹ̀ fún mi?" ó bi Akínlolú.

Akínlolú wò ó. "Mo rò pé o fẹ́ ẹ."

"O bi mí, mi ò dá ẹ lóhùn. Ẹjọ́ mi nìyẹn. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mi ò fẹ́ iṣẹ́ yunifásítì mọ́."

Ìyá jókòó. "Ta ló máa wá bá mi sọ ọ́ fún àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Èmi ni, mà. Màá dìde, màá sì sọ ọ́."

"Lẹ́yìn gbogbo ìwé yẹn?"

"Gbogbo ìwé yẹn ni mo fi rí omi tí àwọn ọmọ ilé ìwé yẹn ń mu, mà."

Ìyá fi etí gèlè nu ojú. Tolúwalọpẹ́ rìn wá síwájú Akínlolú, ó dúró.

"Akínlolú, gbọ́ mi. Mo ti gba iṣẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Bísọ́dún. Oǹdó níbí ni màá ti máa ṣe é. Màá pe ọ̀jọ̀gbọ́n lónìí, orúkọ mi ni màá ní kí wọ́n yọ, kí wọ́n dá tìrẹ padà, torí ìwọ lo fẹ́ràn láti máa kọ́ èèyàn. Lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá gbà ẹ́, màá fi ẹ́ ṣe ọkọ. Bí wọn ò bá gbà ẹ́, màá fi ẹ́ ṣe ọkọ. Kó àwọn èèyàn ẹ wá láti Ìta-Ògbólú lóṣù tó ń bọ̀, kí wọ́n wá rí màmá mi."